«Wọ́n ní kí a ṣe é»: Àríwísí lórí ìwé-ìbéèrè tó ń wọn ìfẹ́ èrè àti ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́

1. Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ èrè ṣe ń ti òṣìṣẹ́ sínú ìwà àìtọ́ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ìwé-ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀. Rebecca Greenbaum, Mary Mawritz àti Gabi Eissa ló gbé e jáde nínú Journal of Applied Psychology ní ọdún 2012, gbólóhùn inú rẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ. Ó wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ tó kù kò tó nǹkan: kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ gbólóhùn mẹ́rin sí Yorùbá, kí ó kó wọn lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní Ṣábẹ́, kí ó ṣírò ohun tí wọ́n fà igi sí, kí ó sì kọ èsì rẹ̀.

Èrò mi nínú ìwé yìí ni pé ibi tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà ti lè bàjẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Nọ́ńbà yóò jáde tí yóò sọ irú ènìyàn tí òṣìṣẹ́ Ṣábẹ́ jẹ́, àwọn mìíràn yóò sì máa tọ́ka sí nọ́ńbà náà láìbéèrè irú gbólóhùn tó bí i. Ẹni tí a rán níṣẹ́ lè wá gbé ẹ̀bi ẹni tó rán an.

Nítorí náà, ojú onímọ̀ èdè ni mo fi wo ìwé-ìbéèrè yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn olùwádìí náà rí, nítorí pé ohun gidi ni wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni mo yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò, ìyẹn èrè, ni àti wọ́n. Mo fi ẹjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ dán wọn wò, mo sì dábàá ìbéèrè tó lè rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni àwọn àpẹẹrẹ wà. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n ní Sakin níbí ní láti gbé wọn sínú ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ́ kí ó tó bọ́ sójú pápá.

2. Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Orúkọ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n ń wọ̀n ní Gẹ̀ẹ́sì ni bottom-line mentality. Donald Wolfe ti lo ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1988. Inú ìwé ìṣirò owó ni àfiwé náà ti wá: ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí a ti ń rí iye tó kù lẹ́yìn tí gbogbo ìnáwó ti kúrò. Bí a bá pè é ní «ìrònú ìlà ìsàlẹ̀», kò ní yé Yorùbá kankan tí kò tí ì kọ́ ìṣirò owó. Mo máa pè é ní ìrònú èrè-ṣáá: ìrònú ẹni tó fi èrè ṣe òdiwọ̀n kan ṣoṣo, tí gbogbo ohun yòókù sì di ìdíwọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí 2012 náà fi hàn ni pé ìrònú yìí máa ń ràn. Bí ọ̀gá bá ní i, òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ náà a máa ní i, òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2010, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà, Elizabeth Umphress, John Bingham àti Marie Mitchell ti kọ nípa ohun tó fara pẹ́ ẹ: òṣìṣẹ́ tó ń purọ́ tàbí tó ń fi òtítọ́ pamọ́ nítorí ilé-iṣẹ́, tí kì í ṣe nítorí àpò ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìwà yìí wọ́pọ̀ lára ẹni tó ka ilé-iṣẹ́ sí ara rẹ̀, tó sì gbà gbọ́ pé oore ni a fi ń san oore.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì nìyí. Ó fi yé wa pé ẹni tó ń hùwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè máà jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ ẹni tó mọ oore, tó ń rántí ẹni tó fún un níṣẹ́, tí kò sì fẹ́ kí ojú ti ikọ̀ rẹ̀. Mi ò bá èyí jà. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè rẹ̀ ni mò ń bá wí.

Bí mo bá fi Yorùbá sọ kókó gbólóhùn mẹ́rin náà, báyìí ni yóò rí:

(1) a. Ọ̀gá mi kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn ju kí iye tó yẹ kó wọlé wọlé.
b. Ọ̀rọ̀ òwò nìkan ló ká ọ̀gá mi lára.
d. Lójú ọ̀gá mi, èrè ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ.
e. Èrè jẹ ọ̀gá mi lógún ju àlàáfíà òṣìṣẹ́ lọ.

3. Èrè kì í ṣe ẹ̀sùn

Ìṣòro kìíní wà lára ọ̀rọ̀ èrè fúnra rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé-ìbéèrè náà, ẹni tó bá ní ọ̀gá òun fi èrè ṣáájú ohun gbogbo ti fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá. Èrè ni ohun tí ọjà mú wá, èrè náà sì ni ohun tí ìwà mú wá: a ní èrè ọjà, a ní èrè iṣẹ́ rere, a ní èrè ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe ìṣirò, òun náà ló ń dájọ́. Bí a bá kí ìyá ọlọ́jà pé yóò jèrè, àdúrà ni a gbà fún un. Yóò ní àmín.

Ìyá ọlọ́jà yẹn sì ni ẹni tí ìwọ̀n yìí yóò kọ́kọ́ ṣì mú. Bí a bá bi ọmọ tó ń bá a tajà pé ṣé èrè ló ṣe pàtàkì jù lójú ìyá, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní rò pé òun sọ̀rọ̀ ìyá láìdáa. Kí ló tún gbé ìyá dé ọjà? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyá yìí bá ti wọn gààrí tán, yóò bu èènì lé e. Èènì kò sí nínú ìdíyelé. Ó wà nínú òwò. Òun ló ń fi hàn pé ẹni tó ń tà mọ ẹni tó ń rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọjà mọ ẹni tó lu ìdí agolo rẹ̀ wọ inú kí ohun tó ń wọ̀n lè dín kù. A kì í pe ìyẹn ní èrè. Èrú là ń pè é.

Ìlà tí Yorùbá fà wà láàárín èrè àti èrú, ìwé-ìbéèrè náà sì fa tirẹ̀ sáàárín èrè àti àwọn ohun yòókù. Ìlà méjèèjì kò gba ibì kan náà kọjá. Ẹni tó bá túmọ̀ gbólóhùn (1d) láìṣàkíyèsí èyí yóò gba bẹ́ẹ̀-ni tó pọ̀, yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀rí ìwà búburú.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà ńbẹ̀. Bí a bá tẹ ìwé-ìbéèrè láìfi àmì sí i, ère, eré àti èrè di ọ̀kan lójú ẹni tó ń kà á. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ere lórí ìwé, tí ó sì kà á sí eré, yóò máa rò ó bóyá ọ̀gá òun fẹ́ràn àwàdà. Ẹ̀rín lè pa wá, ṣùgbọ́n ohun tó bá fà igi sí yóò wọ inú ìṣirò pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

4. Ni àti nìkan

Ìṣòro kejì jẹ́ ti gírámà. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(2) a. Ọ̀gá mi ń wá èrè.
b. Èrè ni ọ̀gá mi ń wá.
d. Èrè nìkan ni ọ̀gá mi ń wá.
e. Ọ̀gá mi nìkan ló ń wá èrè.

Gbólóhùn (2d) ni ìwé-ìbéèrè náà fẹ́. Ṣùgbọ́n (2b), gbólóhùn alátẹnumọ́, ni ẹnu ẹni tó ń sọ Yorùbá máa ń yára bọ́ sí bí a bá bi í pé kí ni ọ̀gá rẹ̀ ń wá, nítorí pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ alátẹnumọ́: kí ni ọ̀gá ń wá? Èrè ni. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ya èrè sọ́tọ̀, ó sì lè dún bí ẹni pé kò sí òmíràn, síbẹ̀ ẹni tó sọ ọ́ lè máà ní in lọ́kàn pé kò sí òmíràn. Ẹni tí a bá bi pé kí ló ń ṣe, tó ní «Iṣẹ́ ni mò ń ṣe», kò sọ pé òun kì í jẹun.

Nítorí náà, nígbà tí olùwádìí bá ń fi ẹnu béèrè, bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tí kò mọ ìwé kà, ìyàtọ̀ àárín (2b) àti (2d) lè pòórá láàárín ẹni méjì. Olùwádìí gbọ́ «èrè ni», ó kọ «èrè nìkan». Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé, ọ̀rọ̀ náà sì ni gbogbo ìwọ̀n náà dúró lé lórí. Bí nìkan bá sì ṣèèṣì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá bíi ti (2e), ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá: ọ̀gá ń wá èrè, àwa tó kù kò wá a.

5. Ta ni wọ́n?

Ìṣòro kẹta ló wúwo jù, òun ló sì mú mi kọ ìwé yìí. Ìwé-ìbéèrè náà gbà pé ọ̀gá jẹ́ ẹnì kan tí a lè nàka sí. Nínú Yorùbá, ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kì í fi ó dípò orúkọ rẹ̀. Wọ́n ni yóò lò. Arọ́pò-orúkọ yìí kan náà la fi ń dípò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun náà la sì ń lò nígbà tí a kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni, tàbí tí a kò mọ ẹni tó ṣe nǹkan. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

(3) Wọ́n ní kí a kọ ọ́ pé ọjà ti tán.

Ìtumọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá wa, ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún, ló sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ní olú iléeṣẹ́ ló sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la gbọ́ ọ, tí a kò mọ orísun rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè fi gbólóhùn náà nìkan mọ ẹni tó yẹ kí ó lọ bi léèrè. Ọ̀wọ̀ tí a fún ọ̀gá ti sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó sì ti di púpọ̀, ó ti di ẹni tí a kò rí mọ́.

Àpẹẹrẹ tó wà nítòsí ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà ìlú yìí. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Lẹ́yìn náà ni Complant, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, gbà á láti máa fi ṣiṣẹ́. Mi ò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni bí ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà ṣe lè gùn tó ní irú ibi bẹ́ẹ̀: àṣẹ lè kúrò nínú èdè Ṣáínà, kí ó gba inú Faransé kọjá, kí ó tó dé etí òṣìṣẹ́ ní èdè Ṣábẹ́. Ìgbà tó bá fi máa dé oko ìrèké, «wọ́n ní» nìkan ló kù lára ẹni tó sọ ọ́. Bí a bá wá béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà pé «ṣé èrè ló jẹ ọ̀gá rẹ lógún jù», ọ̀gá wo ni kí ó rò? Kápítà tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí kò rí rí?

Arọ́pò-orúkọ a náà ní tirẹ̀. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ya «èmi àti ìwọ» sọ́tọ̀ kúrò lára «èmi àti àwọn kan láìsí ìwọ».

(4) A gbọ́dọ̀ dé ojú àmì lóṣù yìí.

Bí ọ̀gá bá sọ (4) nínú ìpàdé àárọ̀, ta ló gbọ́dọ̀ ṣe é? Gbogbo wa ni gírámà sọ. Bí ó bá di alẹ́ tí ọjà kò tà, ẹni tó dúró nídìí ọjà nìkan ni a ń yí padà di. Bákan náà, ìwádìí 2010 béèrè nípa ilé-iṣẹ́ ẹni tó ń dáhùn, ìyẹn «ilé-iṣẹ́ mi», bí ẹni pé ẹni náà àti ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà láyé. Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. «Ibi iṣẹ́ wa» ni yóò wí, «ọ̀gá wa» ni yóò wí. Ohun tí a ń pè ní ìmọ̀lára pé ilé-iṣẹ́ jẹ́ tèmi ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa kí olùwádìí tó dé. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lò ó, èyí tó ń wá ọ̀nà àtisá kúrò níbẹ̀ náà sì ń lò ó.

6. Ẹjọ́ mẹ́ta

Ṣé ohun tí mo sọ yìí kọjá ọ̀rọ̀ gírámà? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹjọ́ mẹ́ta wò ó, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Nàìjíríà, ọ̀kan láti ilé wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, báńkì Wells Fargo gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣí àkáǹtì fún àwọn oníbàárà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Iye àkáǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ kéde tó mílíọ̀nù méjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Òṣìṣẹ́ tí báńkì lé kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún mélòó kan tó 5,300. Kí ló ti wọn? Báńkì fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́jọ lọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n sì fi ń gbé e kiri bá ohùn nọ́ńbà mẹ́jọ mu ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dùn létí bí orin ọmọdé. Ìdí kan náà ló fà á tí wọ́n fi yan mẹ́jọ: ó dùn ún pè. Àwọn òṣìṣẹ́ kan pe nọ́ńbà tí báńkì fi sílẹ̀ fún ẹ̀sùn, wọ́n sì pàdánù iṣẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Ní 2020 báńkì náà tún gbà láti san bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba.

Ní Nàìjíríà, oṣù kejìlá ọdún 2006 ni Cadbury yọ ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná rẹ̀ nípò. Ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà ti bù mọ́ èrè fún ọdún bíi mélòó kan. Iye tí wọ́n kéde wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà. Lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kí a kó ọjà lé àwọn alágbàtà lọ́wọ́ kí ọdún tó parí, kí ó lè dà bí ọjà tí a ti tà. Ẹni méjì kò lè ṣe èyí. Ẹnì kan ní láti kọ ìwé, ẹnì kan ní láti wa ọkọ̀, ẹnì kan ní láti ní kí alágbàtà gbà á ná. Ẹ padà wo gbólóhùn (3).

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọdún 2010 ni ICC Services wó. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú, ó sì ń ṣèlérí èlé tí òwò kankan kò lè mú wá. Minisita ọ̀rọ̀ abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún yẹn, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ náà sì gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ní ilé ẹjọ́ CRIET ní 2019. Placement ni orúkọ tí òwò náà ń jẹ́ ní Faransé, ìyẹn pé kí a gbé owó síbì kan. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé a gbé owó kalẹ̀, kò sọ ẹni tí yóò fi í ṣe nǹkan. Gbólóhùn Yorùbá tí irú òwò bẹ́ẹ̀ fi ń rìn láti ilé dé ilé kò gùn: «wọ́n ń san án». Ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ fún àbúrò, ọmọ ń sọ ọ́ fún ìyá. Òtítọ́ sì ni, nítorí pé wọ́n ń san án lóòótọ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ìbéèrè tí gbólóhùn náà bò mọ́lẹ̀ ni: ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n sì ti ń rí i?

Nínú ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èrè di ẹ̀rí. Bí iye bá ti pé, kò sí ẹni tó tún ń béèrè bí ó ṣe pé. Nínú ti Wells Fargo àti ti Cadbury, ọ̀rọ̀ ló gbé iye náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣẹ wọ inú ikọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwúrí, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí «a gbọ́dọ̀». Ìwé-ìbéèrè tó bá béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá nìkan yóò fo ohun tó ti ẹnu ọ̀gá jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́ kò yé ẹ̀rí ju ohun tí ó méfò lọ.

7. Àwọn tí yóò takò mí

Ẹnì kan lè sọ pé mò ń di ẹ̀bi ru èdè Yorùbá. Rárá o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní Wells Fargo, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró. Faransé náà ní on, tó lè jẹ́ «a», tó lè jẹ́ «àwọn kan», tó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ tó bá ní «on nous a dit» ti fi orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ pamọ́ bí ẹni tó ní «wọ́n ní». Ìyàtọ̀ tó wà ni pé on kò fi ọ̀wọ̀ kún un. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ Faransé tó fẹ́ nàka sí ọ̀gá rẹ̀ lè sọ il tàbí elle láìrí i fín. Yorùbá tó bá fi ó pe ọ̀gá rẹ̀ níwájú àjèjì tó gbé ìwé dání ti ṣàfojúdi kí ó tó dáhùn ìbéèrè kankan. Ohun tí olùwádìí ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ kí ó tó lè sọ òtítọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìwọ̀n onígbólóhùn mẹ́rin ti ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, pé a lè túmọ̀ rẹ̀ lọ, kí ẹlòmíràn tún túmọ̀ rẹ̀ bọ̀, kí a sì fi méjèèjì wéra. Ọ̀nà yẹn dára fún ọ̀rọ̀ tó sọnù. Kò lè mú ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ pọ́n-na. Bí a bá túmọ̀ «my supervisor» sí «ọ̀gá mi», tí ẹlòmíràn sì túmọ̀ «ọ̀gá mi» padà sí «my supervisor», gbogbo nǹkan bára mu lórí ìwé. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá la ẹnu, tó ní «wọ́n», ni ìwé àti ẹnu yà.

8. Iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ọmọ

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò mọ ìwé-ìbéèrè kan tó sọ ọ̀rọ̀ ìwà lẹ́nu iṣẹ́ tó báyìí. Òwe náà gbà pé ẹni tó ránni níṣẹ́ lè ránni ní ohun tí kò dára. Kò ní kí a kọ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí a jẹ́ ẹ bí a ṣe rán wa. Ó ní àyè kan wà láàárín ẹnu ẹni tó ránni àti etí ẹni tí a rán wa sí, pé inú àyè yẹn ni ìwà ń gbé. Ọmọlúàbí ni ẹni tó mọ àyè náà lò.

Bí a bá wò ó báyìí, ohun tí ìrònú èrè-ṣáá ń ṣe fún ikọ̀ hàn kedere: ó ń dí àyè náà. Nọ́ńbà kò ní àyè. Ẹni tí a ní kí ó ta mẹ́jọ, tó ta mẹ́fà tó mọ́, kò rí ibi kọ ìmọ́ tó mọ́ náà sí nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀; ẹni tó ta mẹ́fà, tó fi èrú dá méjì kún un, ti pé. Ìwé iṣẹ́ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ọ̀gá sì ni ẹni tó ń ka ìwé iṣẹ́. Ibi tó yẹ kí olùwádìí wọ̀n nìyí. Mo dábàá kí a béèrè irú ìwọ̀nyí:

(5) a. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iye tó yẹ kó wọlé jáde kẹ́yìn níbi iṣẹ́ yín, ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ? Kí ni ẹni náà sọ?
b. Ẹni tí iye tirẹ̀ kò pé lóṣù náà, kí ni wọ́n ṣe fún un? Ta ló ṣe é?
d. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀nà tí iye yóò fi pé kò mọ́, ta ni ẹ lè sọ fún? Ẹni tó ti sọ rí, ibo ló wà báyìí?
e. Ṣé àyè wà níbi iṣẹ́ yín láti fi ti ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín?

Àwọn ìbéèrè yìí kò ṣeé ṣírò kíá bíi ti gbólóhùn mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ kí a jókòó ti ènìyàn, kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí a sì ka arọ́pò-orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti béèrè «ta ni» ni agbára wọn wà: wọ́n fún òṣìṣẹ́ láyè láti kúrò lórí wọ́n tó ń bọ̀wọ̀, kí ó dé orí ipò kan pàtó, bí kápítà, akápò tàbí ọ̀gá ẹ̀ka, láìṣe pé ó dárúkọ ènìyàn tàbí pé ó rí ẹnikẹ́ni fín. Ìbéèrè (5d) sì ni èyí tí ìbá ti wúlò jù fún àwọn tó pe nọ́ńbà ẹ̀sùn ní Wells Fargo.

Iṣẹ́ yìí tọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè. Àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ló ni ìbéèrè nípa èrè, ṣùgbọ́n bí àṣẹ ṣe ń pàdánù olóhùn rẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì, àwa la kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ìpàdé àárọ̀ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó wà níbẹ̀, tó sì ṣàlàyé olùwà gbogbo gbólóhùn tó ní gbọ́dọ̀ nínú, ti ní iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́.

9. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti sọ pé ìwé-ìbéèrè ìrònú èrè-ṣáá, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ lásán, yóò ka èrè sí ẹ̀sùn níbi tí Yorùbá ti kà á sí ìbùkún, yóò gbọ́ nìkan níbi tí a ti sọ ni, yóò sì wá ọ̀gá kan ṣoṣo níbi tí ọ̀wọ̀ ti sọ ọ̀gá di púpọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló lè pa ènìyàn lára, nítorí pé bí a kò bá rí ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni yóò kù tí a lè rí mú. Nínú òṣìṣẹ́ 5,300 tí Wells Fargo lé, àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Nígbà mìíràn tí òṣìṣẹ́ kan bá jókòó níwájú wa, tó ní «wọ́n ní kí a ṣe é», kí á má ṣe yára kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwáwí. Kí á rọra bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i àti ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ọ̀gá rẹ̀: ta ni wọ́n?